Ẹ̀rọ Ata Tó Wà Lẹ́yìn Ohùn

Mo ní etí. Ẹ má pè é ní ìgbéraga, iṣẹ́ mi ni. Nínú ilé ìkẹ́rù ńlá kan ní Foothills Industrial, àdúgbò àwọn ilé-iṣẹ́ ní Canada níbí, èmi àti ọkùnrin ará Philippines kan tó jù mí lọ dáadáa la jọ máa ń jókòó sínú yàrá kékeré tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀, a ó máa gbọ́ sípíkà. Kì í ṣe àwọn kéékèèké tí ènìyàn ń gbé sórí tábìlì o. Àwọn olóòró ni, tí wọ́n ń dá dúró sórí ilẹ̀, tí wọ́n ga tó ìbàdí ènìyàn. Àwọn oníbàárà á rà wọ́n, wọ́n á sì dá wọn padà. Ẹnìkan á ní ó tóbi jù fún pálọ̀ òun, òmíràn á ní ìyàwó òun kò fẹ́ràn àwọ̀ rẹ̀, òmíràn kò tilẹ̀ ní sọ ìdí kankan. Iṣẹ́ tiwa ni láti mọ èyí tó ṣì pé àti èyí tó ní àléébù, ká sì lẹ lẹ́tà kan mọ́ ọn lára: A fún èyí tó pé jù, B, tàbí C fún èyí tó burú jù. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí débi pé ojú máa ń tì mí láti sọ ọ́.

Ìdí tí ojú fi ń tì mí ni pé ìyá mi gbà pé ẹnjiníà ni mí nínú ilé gíga kan láàárín ìlú. Ẹnjiníà náà ni mí lóòótọ́, fún ọdún mẹ́fà, ní ilé-iṣẹ́ epo kan, títí di àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n pe àwa mélòó kan sínú yàrá ìpàdé, tí wọ́n dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ wa, tí wọ́n sì ní ká fi káàdì wa sílẹ̀. Mo wá irú iṣẹ́ náà títí, n kò rí. Ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló sọ̀rọ̀ ilé ìkẹ́rù yìí fún mi, mo ní kí n fi ṣe oṣù díẹ̀. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Láti ìgbà tí mo ti débẹ̀, n kò tíì gbé wàhálà iṣẹ́ wọlé rí, mo sì ń sùn bí mo ṣe ń sùn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ṣùgbọ́n báwo ni ènìyàn ṣe fẹ́ sọ ìyẹn fún obìnrin tó ti ròyìn fún gbogbo ìjọ rẹ̀ ní Iléṣà pé ọmọ òun ló ń fa epo fún àwọn ará Canada?

N kò sọ ọ́. Mo máa ń tan ara mi pé kì í ṣe irọ́ ni mo ń pa, pé mo kàn dákẹ́ ni. Àmọ́ ní àkókò ìsinmi, tí mo bá pè é láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n ti ń já ẹrù, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń bi mí ni pé, “Ṣé ọ́fíìsì lo wà?” Èmi náà á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu fóònù kí ariwo àwọn forklift, ọkọ̀ tó ń gbẹ́rù, má baà wọ̀ ọ́, màá ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì.” Ó dáa, irọ́ ni.

Ìgbà tí snow ń yọ́ lọ ni Mọ́mì wá bá wa nílé wa ní New Brighton, láti lo oṣù mẹ́fà. Ọgbọ́n mi wá di púpọ̀. Láràárọ̀ ni mò ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo lọ̀, pẹ̀lú bàtà dídán. Bàtà iṣẹ́ mi, èyí tó ní irin lórí, wà nínú búùtù ọkọ̀ níbi tí mo fi í pa mọ́ sí. Mọ́mì á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, á gbé ọwọ́ lé mi lórí, á ní ọ́fíìsì mi kò ní dojú dé, ọ̀gá mi kò ní rí àbùkù mi. Èmi á ní àmín. Ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, á wà nídìí sink, á máa wò wá.

“Àmín yín yẹn ti ń lọ sókè jù,” ló sọ fún mi lọ́jọ́ kan nínú ọkọ̀. “Ẹ sọ fún Mọ́mì jàre. Àbí ọmọ yìí lẹ fẹ́ kó bá yín sọ ọ́?”

Ó kù díẹ̀ kí ọmọbìnrin wa sọ ọ́ lóòótọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ó sì mọ ohun tí mò ń ṣe. Nídìí oúnjẹ lọ́jọ́ Sunday kan, ìyá mi bi í pé, “Ìyá mi, kí ni Daddy rẹ máa ń ṣe níbi iṣẹ́?” Ó gbọ́ Yorùbá náà yékéyéké, ó dáhùn lédè tirẹ̀: “He listens to music all day.” Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo sì rẹ́rìn-ín jù. Mọ́mì náà rẹ́rìn-ín, ó wò mí díẹ̀, ó sì ní kí n bá òun gbé ọbẹ̀.

Níbi iṣẹ́ wa, wọ́n gbà wá láàyè láti gbé sípíkà lọ sílé, ká gbọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹni tó bá fẹ́ rà á lè mọ ohun tó ń rà. Mo gbé oríṣi méjì wá sí basement, yàrá abẹ́ ilé wa. Èkíní dúdú, ó ń dán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tuntun. Èkejì jẹ́ oníigi aláwọ̀ ilẹ̀, ó ti pẹ́ díẹ̀, ojú ibi tí nǹkan ti ha á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo wọn àyè tó wà láàárín wọn, mo lẹ téèpù mọ́ rọ́ọ̀gì láti mọ ibi tí ẹsẹ̀ àga mi gbọ́dọ̀ wà, mo sì fà wọ́n kúrò lára ògiri, nítorí sípíkà tó bá sún mọ́ ògiri jù máa ń sọ ọ̀rọ̀ ògiri mọ́ tirẹ̀.

Ọgbọ́n tí ọkùnrin ará Philippines yẹn kọ́ mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó. Ó ní kí n má gbọ́ orin, kí n gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn orin: ibi tí olórin ti mí, bí yàrá tó wà ṣe tóbi tó, bóyá àga kan dún. Sípíkà tó bá sọ ìyẹn fún ọ, ó dára. Èyí tó bá ń dùn nìkan, ó ní kí n ṣọ́ra fún un.

Dúdú yẹn dùn. N kò lè purọ́ mọ́ ọn. Béèsì rẹ̀ ń wọni nínú ikùn, ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kékeré á dún bíi pé wọ́n kó gbogbo ìlú jọ. Oníigi kò ní irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti gba ohùn náà sílẹ̀ dáadáa, á dára. Bí wọn ò bá ṣe é dáadáa, á tú àṣírí wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú dúdú. Mo ní gbogbo ọjọ́ ni mò ń wá àléébù níbi iṣẹ́. Tí mo bá délé, ẹ jẹ́ kí nǹkan kan máa dùn fún mi láìbèèrè.

Mọ́mì ló wá dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ilé wa dákẹ́ jù fún un. Ó ní ó dà bí ilé tí àwọn onílé ti kó kúrò. Tó bá ti gbọ́ pé nǹkan ń dún nísàlẹ̀, á gbé tíì rẹ̀ dání, á rọra sọ̀kalẹ̀, á jókòó sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú. Aránṣọ ni, ó ti fẹ̀yìn tì. Màṣíìnì mẹ́rin ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, ó sì lè wà lẹ́yìnkùlé kó pariwo wọlé pé kí ẹni tó wà nídìí ìkẹta dúró, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti fẹ́ kán. Wọ́n á sì wò ó, á ti tẹ̀. Mo máa ń sọ pé mo ní etí, n kì í sọ ibi tí mo ti rí i.

Ó gbọ́ orin mi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó gbé ife sílẹ̀. “Gbogbo àwọn tó ń kọrin wọ̀nyí, n ò mọ̀ wọ́n rí. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ohùn wọn nìyí? Ṣé kò lè sọ ọ̀rọ̀ ẹni tí mo mọ̀?”

Òótọ́ ló sọ, mo na ọwọ́ gba fóònù rẹ̀.

Bó ṣe di pé à ń fi ìyá mi àgbà dán sípíkà wò nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, ó ń gbé Iléṣà, òun nìkan ló sì kù nínú àwọn tó bá Mọ́mì dàgbà. Ó máa ń fi voice note kan ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ lójoojúmọ́, nígbà tí àwa ń sùn lọ́wọ́ níbí: àdúrà díẹ̀, lẹ́yìn náà òfófó tó pọ̀ ju àdúrà lọ. Mo so fóònù Mọ́mì mọ́ dúdú. Ohùn ìyá àgbà jáde, ó kún gbogbo basement bí ohùn bíṣọ́ọ̀bù. Mọ́mì ti ń kúnlẹ̀ láti orí àga kó tó rántí pé sípíkà ni. Ó wá na ìka.

“Ẹ gbọ́ ẹ̀rọ ata!”

Iwájú ilé ìyá àgbà ni wọ́n ti ń lọ ata. Ẹ̀rọ náà ń lo epo díísẹ̀lì, kì í gbọ́ pé iná lọ, kì í sinmi lọ́jọ́ kankan. Láti inú fóònù a kì í gbọ́ ọ, nítorí ẹnu fóònù kéré, kò lè gbé ohùn tó wúwo. Ṣùgbọ́n nínú sípíkà, ó wà níbẹ̀, ó ń kùn wúù wúù lábẹ́ ọ̀rọ̀. Inú Mọ́mì dùn gan-an. Láràárọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan ló ń sọ̀kalẹ̀ wá gbọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, láràárọ̀ ló sì ń kí ẹ̀rọ ata kú iṣẹ́. Mo wò ó, mo ní, tèmi ti bùṣe, dúdú ni màá mú.

Lọ́jọ́ Saturday tó tẹ̀ lé e, mo gbé oníigi síbẹ̀, kí n má baà dá ẹjọ́ láìgbọ́ ẹnìkejì. Mo kọ́kọ́ fi voice note ọjọ́ àkọ́kọ́ sí i. Ohùn ìyá àgbà kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ó sì jọ tirẹ̀ gan-an: atẹ́gùn tó ń gba àlàfo eyín rẹ̀ wà níbẹ̀, aago ara ògiri rẹ̀ ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, ẹ̀rọ ata wà lọ́nà jíjìn lẹ́yìn fèrèsé. Mọ́mì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà mo fi ti àárọ̀ ọjọ́ náà sí i.

“Dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀,” ni Mọ́mì wí.

Mo dá a padà.

“Ẹ̀rọ ata dà?”

Mo ní bóyá ẹ̀rọ náà bàjẹ́. Ó ní ṣé aago ara ògiri tí a kò gbọ́ mọ́ náà bàjẹ́ ni? Mo dijú, mo gbọ́ ọ bí mo ṣe ń gbọ́ nǹkan níbi iṣẹ́. Yàrá náà tóbi, ògiri rẹ̀ le, kò sí kọ́tìnì níbẹ̀. Táyà kékeré kan ń yí lórí táìsì. Ẹnìkan ń wọ́ sílípáàsì kọjá. Pálọ̀ ìyá àgbà kọ́ nìyí. A bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ voice note mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ́kọ̀ọ̀kan: mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ẹ̀rọ ata nínú, láti ìkẹrin ni kò ti sí mọ́.

“Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ,” ni Mọ́mì wí. “Ojoojúmọ́ ni mo gbọ́ ọ.”

Mo tún so okùn padà mọ́ dúdú. Àwọn voice note kan náà yìí ni, ẹ̀rọ ata sì wà nínú gbogbo wọn, wúù wúù. Ìgbà yẹn ló yé mi. Kì í ṣe ẹ̀rọ ata. Kíkùn sípíkà fúnra rẹ̀ ni, ó ń fi í sábẹ́ ọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tó bá sọ̀rọ̀, kó lè dùn. Èmi tí wọ́n fi etí gbà síṣẹ́, mo ti jókòó ti àléébù fún ọ̀sẹ̀ kan, mo ń yìn ín. Ojú tì mí gan-an.

Mọ́mì kò rí ti ojú mi rò. Ó ti ń pe Iléṣà. Ó fi fóònù sórí itan rẹ̀, ó sì ṣí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí èmi náà lè gbọ́.

“Ẹ káàsán, mà. Ibo lẹ wà?”

“Ibo ni mo tún máa wà? Pálọ̀ mi náà ni.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rọ ata dà?”

Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín. “Ta ló sọ fún ọ? Mo ti kìlọ̀ fún gbogbo wọn.”

“Ẹ̀rọ ata ló sọ fún mi.”

Ó jẹ́wọ́. Ó yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kan dá, wọ́n ti dì í ní POP, ó di ọjọ́ karùn-ún tó ti wà ní ọsibítù, wọ́n sì máa dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ Monday. Ara rẹ̀ le, ìrẹsì ọsibítù náà kò burú. Gbogbo ọmọ rẹ̀ ló ti dẹ́rù bà pé ẹni tó bá jẹ́ kí àbúrò òun gbọ́, kó má wá kí òun mọ́. “O wà lókèèrè. A kì í da ọkàn ẹni tó wà lókèèrè rú. Kí lo fẹ́ fi gbígbọ́ ẹ̀ ṣe, kó o má lè jẹun mọ́?”

Mọ́mì sunkún díẹ̀, ó bínú púpọ̀, àwọn méjèèjì sì parí rẹ̀ sí ẹ̀rín. Nígbà tí wọ́n yí ìpè náà sí fídíò, tí ìyá àgbà gbé ẹsẹ̀ funfun náà sókè fún wa, Mọ́mì ní ó ti sanra níbẹ̀. Wọ́n dágbére. Ọkàn mi balẹ̀, mo ti ń wá ibi tí mo gbé bébà ìdápadà dúdú sí.

Mọ́mì kò dìde. Ó ń wo sípíkà oníigi náà.

“Ìwọ ńkọ́?” ló wí.

“Èmi ńkọ́ kẹ̀, Mọ́mì?”

“Ó ti tó ọdún kan báyìí. Tó o bá ti pè mí láti ibi iṣẹ́, nǹkan kan á máa ké lẹ́yìn rẹ, píín, píín, píín. Ọ́fíìsì wo ló ní ọkọ̀ tó ń fẹ̀yìn rìn?”

Fóònù kò lè gbé ohùn tó wúwo, ṣùgbọ́n ó ń gbé ohùn tó mú. Èmi ló yẹ kí n mọ ìyẹn. Gbogbo ìgbà tí mò ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu fóònù, asán ni.

Mo jókòó sílẹ̀ lórí rọ́ọ̀gì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ téèpù mi, mo sì sọ ọ́ látòkèdélẹ̀: yàrá ìpàdé, ìwé ìwáṣẹ́ tí mo kọ káàkiri, ilé ìkẹ́rù, lẹ́tà A àti B àti C. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti ju ẹni ogójì ọdún lọ, mo sì ń bẹ̀rù bí ọmọ tó fọ́ àwo. Mo sọ fún un pé kì í ṣe iṣẹ́ náà ló ń dójú tì mí, bí kò ṣe pé n kò fẹ́ kó lọ máa kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ lójú àwọn tó ti yangàn fún.

“Ṣé wọ́n ń jágbe mọ́ ọ níbẹ̀?”

“Rárá, mà.”

“Ṣé ò ń sùn?”

“Mò ń sùn dáadáa.”

“Nígbà tó o wà ní ti epo yẹn, o kì í sùn. Mo máa ń gbọ́ ọ lóhùn rẹ.” Ó mu tíì rẹ̀ tó ti tutù. “Mo ti rí bàtà inú búùtù yẹn, lọ́jọ́ tí mò ń kó ìrẹsì wọlé. Gbogbo àdúrà tí mò ń gbà lẹ́nu ilẹ̀kùn, bàtà yẹn ni mò ń gbà á fún.”

Mo bi í ìdí tí kò fi béèrè. Ó ní ẹni tó ru ẹrù pamọ́, ó yẹ kí wọ́n jẹ́ kó sọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Òun ṣáà ń dúró. “Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹsẹ̀ pa mọ́ fún mi. Ìwọ fi iṣẹ́ pa mọ́. Ṣé ẹyin adìẹ ni mí ni?” Ó dìde, ó fi ife rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. “Gbé èyí tó ń purọ́ yẹn padà fún wọn.”

Mo gbé e padà lọ́jọ́ Monday. Bàtà iṣẹ́ ni mo wọ̀ jáde láti inú ilé, Mọ́mì sì gbé ọwọ́ lé mi létí méjèèjì dípò orí, ó gbàdúrà kúkúrú. Ọkùnrin ará Philippines lẹ C mọ́ dúdú kí n tó parí àlàyé mi.

Nígbà tí mo délé nírọ̀lẹ́, mo bá voice note kan tí Mọ́mì ti jù sórí group ẹbí wa, tí gbogbo wa wà, láti Iléṣà dé Èkó. Ìyá àgbà ló ń bá sọ̀rọ̀. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí basement, mo so fóònù mọ́ oníigi, mo gbé àga síbi téèpù, mo sì dijú.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ewu, ẹ káàbọ̀ sílé. Ọmọ mi ti kúrò nídìí epo o. Ó wà níbi tí wọ́n ti ń fi etí ṣiṣẹ́. Àwọn òyìnbó á gbé ohun tó ń ṣàìsàn wá, ọmọ mi á dijú báyìí, á sì sọ ibi tó ń dùn ún. Ẹ bá mi sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

Mo gbọ́ ọ bí mo ṣe ń gbọ́ ohun tí wọ́n dá padà. Mo wá ibi tí ó ti máa dánu dúró kó tó dárúkọ epo. Mo wá itọ́ tí ènìyàn ń gbé mì nígbà tí ọ̀rọ̀ kò bá dùn mọ́ ọn. Ohùn obìnrin yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ láyé, bí ìtìjú bá wà nínú rẹ̀, mi ò ní ṣàì bá a níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn ohùn rẹ̀, kẹ́tù ń hó, ọmọ mi sì ń tọrọ juice. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀.